Àgùàlà Kì í Ṣe Ajá Òṣùpá: Ẹ̀kọ́ lórí Ìrìn-àjò Òfuurufú àti Wíwo Ìràwọ̀

Àwọn àgbà wa a máa pa á lówe pé Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, àwọn ènìyàn rò pé ajá rẹ̀ ni; Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. Ohun tí a sábà máa ń fi òwe yìí kọ́ni ni pé kí a má ṣe fojú ìránṣẹ́ wo gbogbo ẹni tí ó bá ń bá ẹni ńlá rìn. Ṣùgbọ́n bí a bá mú òwe náà lọ sínú iyàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, òótọ́ pọ́ńbélé ni níbẹ̀ pẹ̀lú. Àgùàlà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Venus, jẹ́ ayé kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó èyí tí à ń gbé yìí. Oòrùn ni ó ń yípo, kì í ṣe òṣùpá. Bí a bá to òṣùpá mẹ́ta ti ara wọn, wọn kò tíì fẹ̀ tó Àgùàlà kan ṣoṣo. Òṣùpá dàbí ọ̀gá lójú wa nítorí pé ó sún mọ́ wa. Àgùàlà dàbí ajá nítorí pé ó jìnnà.

Ní àkókò àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, ó tọ́ kí a fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́ lórí rédíò àti lórí fóònù, tí wọ́n sì rò pé kò kàn wọ́n: ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò sí òfuurufú. Ìbéèrè mẹ́rin ni a ó gbé yẹ̀ wò. Kí ni ó gbé sátẹ́láìtì dúró lókè? Kí ni ó kan Nàìjíríà, àti ìpínlẹ̀ Oǹdó pàápàá, nínú rẹ̀? Kí ni àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni yí padà? Kí sì ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìṣùà Àkókó, tí kò ní owó púpọ̀ lọ́wọ́, lè ṣe láti jẹ́ alábàápín ìmọ̀ yìí?

1. Kí ni ó gbé sátẹ́láìtì dúró?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé sátẹ́láìtì kì í já bọ́ nítorí pé ó ti gòkè kọjá ibi tí òòfà ilẹ̀ ayé dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibùdó òfuurufú àgbáyé, níbi tí àwọn ènìyàn ń gbé tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́, wà ní nǹkan bí 400 kìlómítà sókè. Ní ibẹ̀, òòfà ilẹ̀ ayé ṣì lágbára tó nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti ibi tí a dúró sí.

Ẹ jẹ́ kí a fi òkè wa ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọmọkùnrin kan dúró sórí ọ̀kan nínú àwọn òkè àpáta Ọ̀kà, ó sì ju òkúta síwájú. Òkúta náà yóò lọ díẹ̀, yóò sì balẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè. Bí ó bá tún fi agbára kún un, òkúta yóò jìnnà sí i kí ó tó balẹ̀. Ká wá sọ pé ó ní agbára tí ẹ̀dá ènìyàn kankan kò ní, àti pé kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò dí òkúta náà lọ́wọ́. Ní ìṣẹ́jú àáyá kìn-ín-ní, ohun tí ó bá ń já bọ́ yóò sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bí mítà 5. Ilẹ̀ ayé pẹ̀lú kò tẹ́ bí ẹní. Roboto ni ó rí. Bí a bá fa ìlà tó gún régé tó kìlómítà 8 láti ibi tí a dúró sí, ilẹ̀ yóò ti tẹ̀ sísàlẹ̀ kúrò lára ìlà náà ní nǹkan bí mítà 5. Nítorí náà, bí òkúta náà bá ń sáré kìlómítà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bí ó ti ń já bọ́ ni ilẹ̀ ń tẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Yóò máa já bọ́ títí, kò sì ní kan ilẹ̀. Isaac Newton ni ó fi irú àpẹẹrẹ yìí ṣe àlàyé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, nígbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ kan láyé tí ó lè ṣe é.

Ohun tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń ṣe nìyí. Kì í kàn gbé ẹrù gòkè. Ó ń fún un ní eré tí yóò fi máa já bọ́ yí ayé ká. Ibùdó òfuurufú àgbáyé ń sáré tó 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan, ó sì ń yí ayé po ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó mọ́ di èkejì, yóò ti yípo tó ìgbà 16.

Bí sátẹ́láìtì bá ṣe jìnnà sí ayé tó ni ìyípo rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó. Ní 35,786 kìlómítà sókè, lórí ìlà agbedeméjì ayé, ìyípo kan gba nǹkan bí ọjọ́ kan gééré, bákan náà pẹ̀lú bí ayé fúnra rẹ̀ ti ń yí. Nítorí náà, lójú wa, sátẹ́láìtì tí ó wà níbẹ̀ kì í kúrò lójú kan. Ìdí nìyí tí àwo tẹlifíṣọ̀n orí òrùlé wa kì í fi í yí ojú padà: wọ́n dè é mọ́ ibì kan, ibẹ̀ náà ni sátẹ́láìtì rẹ̀ dúró sí lọ́sàn-án àti lóru.

2. Nàìjíríà nínú ọ̀rọ̀ òfuurufú

Kì í ṣe àná ni orílẹ̀-èdè wa bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìpín nínú iṣẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1962, nígbà tí John Glenn di ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tí ó yí ayé po, ibùdó kan ní Kano wà lára àwọn ibùdó tí ó ń tọpa ọkọ̀ rẹ̀ láti ilẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, Ààrẹ John Kennedy tí ó wà ní Washington bá Olórí Ìjọba wa, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù nípasẹ̀ sátẹ́láìtì Syncom 2. Balewa wà nínú ọkọ̀ ojú omi kan tí ó gúnlẹ̀ sí èbúté Èkó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí olórí ìjọba méjì bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú ohùn nípasẹ̀ sátẹ́láìtì. Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú ìtàn méjèèjì yìí, ilẹ̀ wa ni a lò. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe tiwa.

Ní ọdún 1999 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tí ń rí sí ìwádìí òfuurufú sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NASRDA. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, sátẹ́láìtì wa àkọ́kọ́, NigeriaSat-1, gbéra láti Plesetsk ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ilé-iṣẹ́ Surrey Satellite Technology ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́ ọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn sátẹ́láìtì tí oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè para pọ̀ ń lò nígbà àjálù. Nígbà tí ìjì Katrina ba ìlú New Orleans jẹ́ ní ọdún 2005, NigeriaSat-1 wà lára àwọn tí ó ya àwòrán ibi tí omi ti bo ilẹ̀. Ẹni tí a ti ń ràn lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ wá di olùrànlọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ní ìjákulẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2007, a gbé NigComSat-1, sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀, lọ sókè láti Xichang ní ilẹ̀ Ṣáínà. Kí ó tó pé ọdún méjì, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, agbára iná rẹ̀ kú, ó sì di aláìwúlò. Oṣù Kejìlá ọdún 2011 ni NigComSat-1R tó lọ rọ́pò rẹ̀. Ọdún 15 ni wọ́n ṣírò pé èyí yóò lò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ lónìí ni ẹ ó dàgbà di ẹni tí yóò bójú tó àwọn tí yóò tẹ̀lé e.

Ní ọdún 2011 yìí kan náà, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ, sátẹ́láìtì méjì gbéra papọ̀ láti Yasny ní Rọ́ṣíà: NigeriaSat-2 àti NigeriaSat-X. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ń gba ẹ̀kọ́ ní Surrey ni ó fi ọwọ́ ara wọn kọ́ NigeriaSat-X. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín kí a ra nǹkan àti kí a mọ bí a ti ń ṣe é. Èyí tí a rà lè bàjẹ́, kí a sì padà sí ọjà. Èyí tí a mọ̀ wà lọ́wọ́ wa láti tún un ṣe.

3. Àpótí kékeré láti Àkúrẹ́

Ìtàn tí ó kàn wá jù lọ nìyí. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, FUTA, dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Birds-1, lábẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Kyushu Institute of Technology ní ilẹ̀ Jàpáànù. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ni ó kópa: Jàpáànù, Gánà, Mongolia, Bangladesh àti Nàìjíríà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè wọ̀nyí ni ó jókòó ti ara wọn, tí wọ́n ya àwòrán ẹ̀rọ, tí wọ́n jó wáyà pọ̀, tí wọ́n sì kọ́ sátẹ́láìtì márùn-ún tí ó jọ ara wọn. Tiwa ni wọ́n pè ní Nigeria EduSat-1. Ti Gánà wá láti All Nations University ní Koforidua, yunifásítì àwọn onígbàgbọ́.

Báwo ni EduSat-1 ti tóbi tó? Ẹ fi rúlà yín wọn ín: sẹ̀ǹtímítà 10 ní gígùn, 10 ní fífẹ̀, 10 ní gíga. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlógíráàmù kan. Ọmọ JSS 1 lè gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Síbẹ̀, nínú àpótí kékeré yìí ni bátìrì wà, àti pátákó tí ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná mànàmáná, kámẹ́rà, kọ̀ǹpútà, àti rédíò tí ń fọhùn sí ilẹ̀. Ó sì ní iṣẹ́ kan tí ó dùn mọ́ àwọn ọ̀dọ́: láti máa rán orin wá láti òfuurufú lórí ìgbì rédíò tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn olùfẹ́ rédíò, kí ẹni tí ó bá ní rédíò kékeré tí ó yẹ lè gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2017, rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 ti ilé-iṣẹ́ SpaceX gbé àpótí márààrún láti pèpéle 39A ní Florida. Láti orí pèpéle yìí kan náà ni Apollo 11 ti gbéra ní oṣù Keje ọdún 1969, tí ènìyàn fi kọ́kọ́ tẹ ojú òṣùpá. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, wọ́n tú wọn sílẹ̀ láti inú ibùdó òfuurufú àgbáyé, EduSat-1 sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí ayé ká. Ní òkè yẹn, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣì wà tí ń dín eré kù láti ọjọ́ dé ọjọ́. Bí eré bá ti ń dín ni sátẹ́láìtì ń sọ̀kalẹ̀, títí yóò fi wọ inú afẹ́fẹ́ tí ó nípọn, tí yóò sì jóná. Ní ọdún 2019 ni ti EduSat-1 parí. Ara ohun tí wọ́n ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn tí ó kọ́ ọ kò jóná pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ wọn.

4. Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni yí padà

Ní àtijọ́, ìjọba nìkan ni ó ń lọ sí òfuurufú, nítorí owó rẹ̀ kò ṣe é gbọ́ sétí. Ìdí kan pàtàkì ni pé rọ́kẹ́ẹ̀tì kò ṣe é lò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ akérò kan tí ó gbé èrò láti Ìkàrẹ́ dé Èkó, tí awakọ̀ sì tì í sínú ọ̀sà ní kété tí èrò sọ̀kalẹ̀. Èló ni wọn ì bá máa gbà lọ́wọ́ èrò kọ̀ọ̀kan? Bí a ti ń lo rọ́kẹ́ẹ̀tì nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ilé-iṣẹ́ SpaceX, tí Elon Musk dá sílẹ̀ ní ọdún 2002, fẹ́ yí èyí padà. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò rọgbọ. Rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àkọ́kọ́ kùnà ní ọdún 2006, ó kùnà ní 2007, ó sì tún kùnà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2008. Ìgbà kẹrin, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, ni ó tó dé ibi tí wọ́n ń rán an. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, apá ìsàlẹ̀ rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 gbé ẹrù lọ, ó padà wá, ó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀ lóòró. Láti ìgbà náà ni fífò padà ti di ohun ojoojúmọ́. Àní nígbà tí wọ́n gbé EduSat-1 lọ, ọkọ̀ Dragon tí ó wà nínú rẹ̀ ti lọ sí ibùdó òfuurufú rí, ní ọdún 2014. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n tún ọkọ̀ Dragon lò. Àpótí Àkúrẹ́ wa wà nínú ìtàn yẹn.

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ àwọn aládàáni ti gbòòrò. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, SpaceX bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ènìyàn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, àwọn arìnrìn-àjò tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba jáde sí ìta ọkọ̀ wọn nínú òfuurufú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2025, ẹ̀rọ Blue Ghost ti ilé-iṣẹ́ Firefly balẹ̀ lójú òṣùpá láìṣubú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2025, Owolabi Salis, agbẹjọ́rò ọmọ bíbí Nàìjíríà, bá ọkọ̀ Blue Origin gòkè láti Texas, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó dé òfuurufú.

Níhìn-ín ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti rántí òkúta orí òkè Ọ̀kà. Ìrìn-àjò Salis gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, nítorí pé ọkọ̀ náà lọ sókè kọjá 100 kìlómítà, ó sì sọ̀kalẹ̀, bí òkúta tí a jù sókè tààrà. Kò yí ayé po. Láti gòkè jẹ́ ohun kan. Láti ní eré kìlómítà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ ohun mìíràn tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì kò ní sọ ju ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ, kò sì ní bu ẹni tí ó lọ kù.

Ohun mìíràn tí àwọn aládàáni mú wá ni Starlink, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sátẹ́láìtì kéékèèké tí ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023. Bí ẹ bá rí ọ̀wọ́ iná tí ó tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, tí ó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ lójú ọ̀run kété lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, ẹ má sá wọlé, kí ẹ má sì sọ pé àmì òpin ayé ni. Àwọn Starlink tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé lọ sókè ni. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó ń ta sí wọn lára. Àǹfààní wà nínú rẹ̀ fún abúlé tí okùn íntánẹ́ẹ̀tì kò dé. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń ráhùn pé ìmọ́lẹ̀ wọn ń ba àwòrán ojú ọ̀run jẹ́. Ohun rere kì í ṣàìní iye tirẹ̀.

5. Ǹjẹ́ nǹkan yìí tọ́ sí wa?

Àwọn kan ń béèrè pé: orílẹ̀-èdè tí iná mànàmáná rẹ̀ kò dúró, kí ni ó ń wá lókè ọ̀run? Ìbéèrè tí ó yẹ ni, kì í ṣe ìbéèrè òpè. Owó ìlú gbọ́dọ̀ ní ìṣirò. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọjọ́ kan ti ń lọ ní Ìṣùà. Fóònù tí ń fi ojú ọ̀nà hàn awakọ̀, sátẹ́láìtì ni ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ìròyìn ojú ọjọ́ tí àgbẹ̀ ń retí kí ó tó gbin àgbàdo, àwòrán ìkúukùu láti òkè wà nínú rẹ̀. A ti ń lo òfuurufú ná. Ìbéèrè tí ó kù ni bóyá a ó máa lò ó gẹ́gẹ́ bí oníbàárà nìkan, tàbí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìdáhùn náà kò sí ní Abuja nìkan. Ó wà nínú kíláàsì tí ọmọ ti ń yan físíìsì tàbí tí ó ń sá fún un, nínú ìṣirò tí ó ṣe tàbí tí ó jí wò. Ọmọbìnrin tí wọ́n bá sọ fún pé ìmọ̀ ẹ̀rọ kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin, ìlú ni ó pàdánù.

6. Awòràwọ̀ méjì

Nínú ilé-ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́ bí tiwa, a kò gbọdọ̀ fo ọ̀rọ̀ kan dá. Ọ̀rọ̀ náà “awòràwọ̀” ní ìtumọ̀ méjì lẹ́nu wa. Èkínní ni ẹni tí ń wo ìràwọ̀ láti sọ àyànmọ́ ènìyàn, kí ó sì gba owó rẹ̀. Èyí ni àwọn wòlíì inú Bíbélì bá wí, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú kò sì rí ẹsẹ̀ kankan tí ó fi dúró. Èkejì ni ẹni tí ń wo ìràwọ̀ láti mọ ohun tí wọ́n jẹ́, bí wọ́n ti jìnnà tó àti bí wọ́n ti ń rìn. Onísáàmù tí ó gbójú sókè wo òṣùpá àti ìràwọ̀, tí ó sì béèrè ohun tí ènìyàn jẹ́ níwájú Ẹlẹ́dàá, kò wá àyànmọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹnu ni ó yà á. Ìwé Jóòbù pàápàá dárúkọ àwọn àkójọ ìràwọ̀ tí a ṣì ń rí lójú ọ̀run Ìṣùà lónìí.

William Herschel, tí ń tẹ dùùrù ní ilé ìjọsìn kan ní ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi awò awọ̀nàjíjìn tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ rí ayé kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ayé ni. Uranus ni, ọjọ́ náà sì jẹ́ ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1781. Caroline, àbúrò rẹ̀ obìnrin, rí ìràwọ̀ onírù mẹ́jọ. Iṣẹ́ orin ni William fi ń jẹun nígbà náà. Ìfẹ́ ìmọ̀ ni ó mú un wo òkè lóru.

Nínú ayé tiwa pẹ̀lú, ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1995, Thomas Bopp, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ohun èlò ìkọ́lé ní Arizona, rí ìràwọ̀ onírù ńlá kan nínú awò ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ ní awò tirẹ̀. Alan Hale rí i ní òru kan náà, wọ́n sì fi orúkọ àwọn méjèèjì pè é: Hale-Bopp. Gbogbo ayé ni ó fojú lásán rí i ní ọdún 1997. Ẹni tí kò ní dúkìá ṣùgbọ́n tí ó ní sùúrù lè kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ọ̀run.

7. Iṣẹ́ ṣíṣe: ohun tí a lè ṣe ní Ìṣùà

Ìlú ńlá ní iná púpọ̀ tí ń bo ìràwọ̀ mọ́lẹ̀. Ìṣùà ní òkùnkùn tí ó mọ́. Ẹ jẹ́ kí a lò ó. Àkókò tí ó dára jù ni ìgbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí eruku ọyẹ́ tó dé.

(i) Ọ̀pá àti òjìji. Ẹ ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ lóòró nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ìṣùà wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7½ sí àríwá agbedeméjì ayé. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní nǹkan bí ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin àti ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, oòrùn máa ń dúró sí àtàrí wa gan-an, òjìji ọ̀pá yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ní agogo méjìlá. Nǹkan bí agogo méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 36 ni. Kí ló dé? Agogo Nàìjíríà bá oòrùn mu ní ìlà ìwọ̀n 15 níhà ìlà-oòrùn. Ìṣùà wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 6. Ìṣẹ́jú 4 ni ayé fi ń yí ìwọ̀n kan. Bí a bá yọ 6 kúrò nínú 15, yóò ku 9; ìlọ́po 4 rẹ̀ sì jẹ́ 36.

(ii) Ìràwọ̀ àríwá. Ẹ na apá yín síwájú kí ẹ sì di ìkúùkù: ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 10 lójú ọ̀run. Ìràwọ̀ àríwá kò ga tó ìkúùkù kan lókè ilẹ̀ ní Ìṣùà. Ẹ wá ibi gíga tí òkè kò dí níhà àríwá, kí ẹ wò bóyá ẹ ó rí i. Ní alẹ́ oṣù Karùn-ún, ẹ kọjú sí gúúsù, ẹ ó rí àkójọ ìràwọ̀ mẹ́rin tí ó rí bí àgbélébùú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí èyí rí ní ìlú wọn.

(iii) Àgùàlà àti òṣùpá. Fún oṣù kan gbáko, ẹ ya àwòrán òṣùpá sínú ìwé ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ibi tí Àgùàlà wà bí ó bá yọ. Ẹ ó rí i fúnra yín pé bí òṣùpá ti ń kúrò, Àgùàlà kò bá a lọ.

(iv) Júpítà. Bí ẹnì kan bá ní awò awọ̀nàjíjìn olójú méjì, kí ó gbé e lé ohun tí kò mì, kí ó sì dojú rẹ̀ kọ Júpítà. Yóò rí àwọn àmì ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tí ó tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òṣùpá Júpítà ni, èyí tí Galileo kọ́kọ́ rí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1610.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má ṣe wo oòrùn tààrà láé, yálà pẹ̀lú ojú lásán tàbí pẹ̀lú awò, nínú omi, tàbí lẹ́yìn dígí tí èéfín ti bà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1947, àti ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀ ní àwọn apá kan Nàìjíríà. Bí irú rẹ̀ bá tún dé, ẹ lu ihò abẹ́rẹ́ kan sára páálí, kí ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ibẹ̀ bọ́ sórí ìwé funfun, kí ẹ sì kọ ẹ̀yìn sí oòrùn. Àwòrán rẹ̀ ni ẹ ó máa wò. Ojú tí oòrùn bá jó kì í dùn ọmọ nígbà náà; òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò mọ̀ pé òun ti pàdánù.

8. Ìbéèrè fún ìjíròrò

(a) Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìrìn-àjò Owolabi Salis àti ti EduSat-1? Lo àpẹẹrẹ òkúta orí òkè.
(b) Kí ni ó mú EduSat-1 sọ̀kalẹ̀ ní ọdún 2019?
(d) Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ ni ìgbìmọ̀ ìnáwó ìjọba, ṣé kí a ra sátẹ́láìtì tuntun ni, àbí kí a kọ́ ọmọ wa bí a ti ń ṣe é? Sọ ìdí rẹ.
(e) Ìṣẹ́jú mélòó ni ọ̀sán gangan Ìṣùà fi ń pẹ́ ju agogo méjìlá lọ? Ṣe ìṣirò ti Èkó náà, tí ó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 3½.

Ọ̀sẹ̀ Òfuurufú Àgbáyé máa ń wáyé lọ́dọọdún láti ọjọ́ 4 sí ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá, ní ìrántí Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí ó gòkè ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1957. Kò ní ná ilé-ẹ̀kọ́ wa ju ọ̀pá kan, ìwé kan àti òru mélòó kan láti dá ẹgbẹ́ awo-ìràwọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ náà. Kí olùkọ́ físíìsì àti olùkọ́ jọ́gíráfì para pọ̀ bójú tó o, kí àwọn òbí sì fún ọmọ láàyè láti jáde sí àgbàlá fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, Àkúrẹ́ kò jìnnà sí Ìṣùà, àpótí kan sì ti ibẹ̀ dé òfuurufú. Ẹ kú àjọ̀dún. Kí Olúwa tí ó dá ìràwọ̀ fún yín ní ojú tí ń ríran àti ọkàn tí kì í sú láti kọ́ ẹ̀kọ́.